Ìsinmi Tí Àyọ̀ Fi Dúró Dè Mí Létí Omi

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àfaradà, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú òtútù yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi lórí ìkúnlẹ̀ tí mo wà. Ẹ bá mi kí Màmá Kékeré, àbúrò yín, ní Snake Island. Ẹ ní mo ní wọ́n kú iṣẹ́ ẹja yíyan, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí èéfín ba ojú wọn jẹ́. Ẹ kí Kọ́lá, àbúrò mi, ẹ ní mo rí fọ́tò tó fi ránṣẹ́. Fọ́tò yẹn ló jẹ́ kí n mú bírò. Mo ti bá àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá kékeré kan níbí sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gbé lẹ́tà yìí jáde, nítorí àwa ìyá tó fi ọmọ sílẹ̀ nílé pọ̀ níbí lọ súà, kò sì sí ẹni tó ń sọ ọ́ síta nínú wa.

Ara mi le, a dúpẹ́. Ilé àwọn arúgbó ni mo ṣì ń bá ṣiṣẹ́. Mò ń wẹ̀ fún wọn, mò ń fi ṣíbí bọ́ wọn, mò ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn wọn. Òtútù ti ń padà bọ̀ báyìí, mo ti tún gbé kóòtù sọ́rùn. Bí mo bá se ìrẹsì, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń jẹ ẹ́, nítorí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ẹnì kan. Ìgbà mìíràn, ìkòkò yẹn náà ni mò ń bá sọ Yorùbá. Owó oúnjẹ àwọn ọmọ ti dé ọwọ́ Kọ́lá, ó ti sọ fún mi.

Ìgbà ooru wọn ló pa mí lára jù lọ́dún yìí, Màmá. Nínú oṣù kẹjọ, wọ́n ti pa iléèwé dé, gbogbo ọmọ aráyé sì ti jáde síta. Pápá kan wà láàárín ibi iṣẹ́ mi àti ilé. Àwọn ọmọ á máa sáré kiri níbẹ̀, àwọn ìyá wọn á tẹ́ aṣọ sórí koríko, wọ́n á máa pariwo orúkọ ọmọ wọn pé kó wá mu omi. Ohun tó ń bí mi nínú ni bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n, bíi pé pípè wọn ti sú wọn. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà ẹ̀yìn relé. Ó jìn, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ níbẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èmi ló yẹ kí n wà nílé nínú oṣù kẹjọ yẹn. Ọdún mẹ́rin ni mi ò tíì rí Tọ́pẹ́ àti Àyọ̀ lójúkojú. Tọ́pẹ́ ti pé ọdún mọ́kànlá, Àyọ̀ ti pé méje. Bàbá wọn, ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró sí, mi ò ní fi orúkọ rẹ̀ ba ìwé jẹ́. Mo ti gbàyè ọ̀sẹ̀ méjì níbi iṣẹ́. Mo ní kí ẹ fi bírò yí ẹsẹ̀ Àyọ̀ ká lórí ìwé, kí Kọ́lá fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó ya fọ́tò rẹ̀, kí n lè ra bàtà tó máa bá a mu. Mo rà á. Aláwọ̀ búlúù ni, ó sì ń tan iná ní gìgísẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún Àyọ̀ lórí fóònù pé mò ń bọ̀, tó fi ń bi mí pé ọjọ́ mélòó ló kù.

Ìwé ìgbélùú mi ló bá gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó fẹ́ tán, mo ní láti gba òmíràn, páàsìpọ́ọ̀tù mi sì wà lọ́wọ́ ìjọba ibí. Títí wọ́n á fi fèsì, mi ò gbọdọ̀ jáde nílùú. Bí mo bá fi jáde, gbogbo ọdún mẹ́rin yìí di òfo nìyẹn. Mo pè yín lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn tí ẹ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo ṣàlàyé fún yín, mo sì bẹ̀ yín pé kí ẹ sọ fún àwọn ọmọ. Ẹ ní kí n má da ara mi láàmú, pé ọmọdé ni wọ́n, wọ́n á gbàgbé, pé kí n fi sílẹ̀ fún yín. Mo fi sílẹ̀ fún yín. Ọkàn mi tiẹ̀ fúyẹ́ pé kì í ṣe èmi ni mo máa sọ ọ́.

Láti ìgbà náà, bí mo bá pè tí mo bá yín nílé, ẹ ó ní wọ́n wà lọ́dọ̀ Màmá Kékeré, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa lọ́hùn-ún. Mo rò pé ẹ kó wọn lọ síbẹ̀ kí wọ́n lè gbádùn atẹ́gùn ni. Mo tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Iléèwé wọlé padà. Tíṣà Yorùbá ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí bí wọ́n ṣe lo ìsinmi wọn. Kọ́lá ya fọ́tò ìwé Tọ́pẹ́, ó fi ránṣẹ́ sí mi, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní kí n wo bí ọmọ mi ṣe gbọ́ Yorùbá, pé ó gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ibi iṣẹ́ ni mo wà nígbà tí mo kà á. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà gbọ́ ọ, torí mi ò rò pé ẹ ti kà á.

“Ní ìsinmi tó kọjá, màmá àgbà kó wa lọ sí Snake Island láti dúró de mọ́mì wa. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi ni mọ́mì máa bá wá, torí ọkọ̀ ojú omi ló máa ń gbé dúrọ́ọ̀mù wa wá. Láràárọ̀, àbúrò mi máa ń wẹ̀, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì Kérésìmesì rẹ̀, á lọ jókòó sórí pákó tí ọkọ̀ máa ń gúnlẹ̀ sí. Bí ọkọ̀ ńlá bá ń wọlé sí èbúté Tin Can, á dìde, á máa juwọ́. Á wá bi àwọn tó ń wa ọkọ̀ pé ṣé mọ́mì wa wà nínú rẹ̀. Wọ́n á ní, ‘E go come, no worry.’ Nígbà tó yá, kò wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn mọ́. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, ó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń to ẹja sórí àwọ̀n. Mo mọ̀ pé mọ́mì wa ò wá mọ́, mo gbọ́ nígbà tí màmá àgbà ń bá wọn sọ ọ́ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n mi ò sọ fún àbúrò mi, kó má baà sunkún. Mo gbádùn ìsinmi mi gan-an.”

Tíṣà fi bírò pupa kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ó dára, kó múra sí i.

Màmá, inú bí mi. Inú ṣì ń bí mi. Ẹ mọ̀ pé Kọ́lá ló máa ń lọ gba dúrọ́ọ̀mù tí mo bá kó oúnjẹ àti aṣọ sí, ní èbúté Apapa. Ẹ mọ̀ pé ọmọ yẹn ti máa gbà gbọ́ pé ibi tí ẹrù mi ń gbà wọlé ni èmi náà máa gbà wọlé. Ẹ fi ohun tó dá a lójú tàn án. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọ mi fi ń juwọ́ sí ọkọ̀ tó kó kọ̀nténà, ẹ̀yin àti Màmá Kékeré sì ń wò ó. Tọ́pẹ́ ń kó? Ọmọ ọdún mọ́kànlá ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé irọ́ mì kí ọkàn ẹlòmíràn lè balẹ̀. Ta ló kọ́ ọ bí kò ṣe àwa?

Mo pè yín lọ́jọ́ náà. Mo sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n fi ohùn bẹ́ẹ̀ sọ sí yín, ẹ forí jì mí. Ẹ ní ṣé kí ẹ jẹ́ kó sunkún di ibà ni. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀, èmi kọ́. Lẹ́yìn náà lẹ wá rẹ ohùn yín sílẹ̀, tẹ́ ẹ ní, “Fọlákẹ́, ta ló kọ́kọ́ parọ́ fún un?”

Mo pa fóònù. Mi ò pè yín láti ọjọ́ náà. Ohun tó fà á tí mo fi ń kọ ìwé nìyẹn, torí mi ò lè fẹnu sọ èyí tó kù.

Èmi ni mo kọ́kọ́ parọ́ fún un. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, Àyọ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ajégúnlẹ̀, kò wọ ṣòkòtò, ó ń fi ìdérí ìkòkò ṣeré. Kọ́lá ti gba ẹ̀yìn gbé báàgì mi jáde kó má baà rí i. Gbogbo yín ní kí n má dágbére fún un, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, pé ẹkún ọmọ ò dáa lẹ́yìn ẹni tó ń rìnrìn àjò. Mo bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, mo ní mo fẹ́ lọ ra bisikíìtì fún un. Ó ní kí n ra méjì. Mo ní ó dáa. Mi ò wẹ̀yìn. Kọ́lá ló wá sọ fún mi lọ́dún kejì pé Àyọ̀ ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú, pé fún ìgbà pípẹ́, bí ẹ bá fún un ní bisikíìtì, kò ní jẹ ẹ́, á ní èyí tí mọ́mì ń bọ̀ wá fún òun lòun ń dúró dè.

Ẹ̀yin náà ṣe é fún mi rí. Ẹ fi mí sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá yín ní Ìjẹ̀bú, ẹ ní ẹ ń lọ ra àkàrà. Mo ti dàgbà, mo ti bímọ, mi ò tíì gbàgbé àkàrà yẹn. Bí mo ṣe rántí rẹ̀ tó, mo tún fi irú rẹ̀ ṣe ọmọ mi. Ohun tó ń bí mi nínú jù lọ nìyẹn.

Ìyá arúgbó kan wà níbi iṣẹ́ mi tó máa ń jókòó sójú fèrèsé. Ojoojúmọ́ ló ń bi wá pé ṣé ọmọ òun ti ti iléèwé dé. Ọmọ yẹn ti ní ọmọ-ọmọ. Ọ̀gá wa kọ́ wa pé ká má bá a jiyàn, ká sọ fún un pé ó ń bọ̀ láìpẹ́. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń sọ ọ́, ó sì mọ́ mi lẹ́nu dáadáa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yanu láti sọ ọ́, kò jáde. Mo bá a jókòó, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, àwa méjèèjì jọ ń wo ojú ọ̀nà.

Màmá, bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Mi ò ní ẹlòmíràn tó lè tọ́jú àwọn ọmọ yìí bí ẹ ṣe ń tọ́jú wọn, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín fún. Ẹ pe àwọn méjèèjì jókòó. Ẹ sọ fún Tọ́pẹ́ pé mo ka àròkọ rẹ̀, àti pé ẹrù yẹn ti tóbi jù fún un, kó gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ẹ sọ fún Àyọ̀ pé mi ò sí nínú ọkọ̀ kankan. Ẹ ní iṣẹ́ ni mo ń ṣe ní ìlú tó jìn, pé mi ò mọ ọjọ́ tí mo máa dé. Ẹ má fi Kérésìmesì tù ú nínú, ẹ má fi ọdún tó ń bọ̀ tù ú nínú. Bó bá sunkún, ẹ jẹ́ kó sunkún. Bó bá bínú sí mi, ó tọ́ sí mi. Bàtà tí mo rà ṣì wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó sì lè ti kéré fún un báyìí. Ẹ tún bá mi fi bírò yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí àwọn ẹgbẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kí àwọn tó ń wa ọkọ̀ létí omi tí wọn ò lé ọmọ mi dànù. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, ojú wa á rí ara wa láàyè.

Bí ẹ bá ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un tán, tó bá wá bi yín léèrè bisikíìtì rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra òmíràn fún un. Ẹ ní mo ní kì í ṣe bisikíìtì ni mo lọ rà.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọlákẹ́