Àmì Tí Mo Ṣe Ṣáájú Oògùn

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́, ní Ìjọun

Èmi Rísíkà ni mo ń kọ ọ́. Bàbá mi, Làmídì, ló ń sọ ọ́, nítorí kò mọ̀wé, ẹ̀rù sì ń bà á.

Ìwé ìlera tí Rísíkà rà fún mi kò ní déètì. Àmì ni mò ń ṣe sí i fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Lónìí, ní ilé ìwòsàn, ìfúnpá mi lọ sókè gan-an. Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé náà, àmì kún inú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀ ń gbìyànjú. Oògùn yẹn ni kò ká a. Ẹ gba èyí, ó le jù ú lọ."

Mo gba oògùn náà, mo sì wá sílé láìsọ òtítọ́ fún un. Bí a ṣe ń ri èèkàn mọ́lẹ̀ kí a tó kọ ebè ni mo ṣe ń ṣe é. Àárọ̀ ni mo ti ń sàmì oògùn tí mo fẹ́ lò lálẹ́. Bí mo bá ti oko dé, n kì í sábà rántí oògùn.

Bí mo bá lo èyí tó le yìí, bí ó bá dá mi dùbúlẹ̀ ńkọ́? Bí n kò bá sì lò ó...

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Rísíkà, agídí yín ni yóò pa yín. Ẹ lọ sọ òtítọ́ fún nọ́ọ̀sì."

Màá lọ láàárọ̀. Mo pe ẹni méjì kí wọ́n gbọ́, kí n má baà yí ohùn padà.

Ìtẹ̀ka Làmídì nìyí. Àwọn tó gbọ́: Àdùkẹ́ ìyàwó rẹ̀, àti Músá àbúrò rẹ̀.