Okùn Dúdú Tí Mo Gbé Lọ Sódò Lóru Àlàmísì

Àdúgbò Lótò,
Mòwé.
Àárọ̀ Jímọ̀.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n, Àǹtí Nùsírátù,

Àsàlámù àlékúmù. Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti Mòwé títí dé Ìfọ̀. Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti ń gbọ́ oògùn? Ṣé àwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé déédéé? Ara tèmi le, àfi àtẹ́lẹwọ́ mi tó bó díẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ ìdí rẹ̀. Mi ò tíì fojú kan oorun láti àná. Ìwé tí mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ sí lálẹ́ ni mo kọ́kọ́ ṣí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ju ohun tí èèyàn lè máa bá ara rẹ̀ nìkan sọ lọ, ni mo bá fa bébà yọ láti kọ ọ́ sí yín.

Ẹ ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá bàbá Fadilah ti gbà kí n fẹ́ ọmọ òun, mo sì ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò tíì dá mi lóhùn. Apẹja ni Bàbá Bùrẹ́ímọ̀. Lórí odò tó wà lẹ́yìn Ìbàfò ló ti ń fi ìwọ̀ pẹja lóru láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo lọ bá a lóṣù tó kọjá, ohun tó sọ kò ju pé, "Tíṣà, mo gbọ́. Lóru Àlàmísì tó bá gbẹ̀yìn oṣù, wá bá mi lọ sódò. Mú okùn ìwọ̀ tìẹ dání o, mi ò ní yá ẹ ní tèmi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wàá ti gba èsì."

Ẹ mọ̀ mí: kí n tó ra iyọ̀, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàwé nípa iyọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń kà nípa okùn ìwọ̀ lórí fóònù. Ẹnì kan kọ ọ́ pé okùn tín-ínrín tó mọ́ bí omi ló dára, torí ẹja kò ní rí i. Ẹlòmíràn ní aláwọ̀ ìyeyè ni, èyí tó máa ń tàn bí iná bá kàn án. Bí mo ṣe ń kà á tó ni iyèméjì mi ń pọ̀ tó.

Fadilah, tí a jọ ń kọ́ni nílé ìwé kan náà, ló sìn mí dé ṣọ́ọ̀bù ní Ìbàfò. Mo ti mú èyí tó mọ́ bí omi lọ́wọ́ nígbà tó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Lóru? Ta lo fẹ́ fi pa mọ́ fún? Òkùnkùn ti bo ẹja, ó bo ìwọ náà. Okùn tí ìka ẹ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni kó o rà." Ó mú dúdú kan tó nípọn, tí wọ́n hun bí irun. Ó ní irú èyí kì í nà bíi rọ́bà. Bí ẹja bá fi ètè kàn án lásán, ọwọ́ á mọ̀, bó bá sì ń ha igi lábẹ́ omi, kò ní tètè já. Òun náà ló so ìwọ̀ mọ́ ọn fún mi. Ó ṣá ìṣáná, ó fi iná kan ẹnu kókó náà títí ó fi yọ́, tó sì ṣù bí orí pínnì.

Àǹtí mi, ìtìjú mi ni èyí tó kàn. Bí mo ṣe wọnú ọkọ̀ ojú omi ni mo rántí pé àna mi ló jókòó níwájú mi, mo bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọkọ̀ fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, omi wọlé, tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo tá a ní sì bọ́ sódò. Bàbá di etí ọkọ̀ mú, ó ní, "Dìde, jọ̀ọ́! Ta ló ń dọ̀bálẹ̀ lórí omi? Ṣé o fẹ́ kí n kú kí n tó fún ẹ lọ́mọ ni?" Báyìí la ṣe lọ nínú òkùnkùn biribiri, tí n ò rí ọwọ́ ara mi.

A dúró láàárín odò. Bàbá na ọwọ́, ó fi ìka tọ okùn mi láti òkè títí dé ibi ìwọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ju ìwọ̀ sómi. Ìgbà tó yá ni okùn ta gìrì lọ́wọ́ mi, bí ìgbà tí ọmọdé bá fa èèyàn láṣọ. Bàbá ní, "Má fà á. Jẹ́ kó gbé e mì." Ó tún ta, ó wá fà á lọ, ó sì gba abẹ́ igi kan tó wó sódò. Mo gbọ́ bí okùn ṣe ń ha ara igi náà, mò ń gbọ́ ọ ní ìka mi! Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti bó. Ṣùgbọ́n okùn kò já. Nígbà tá a gbé e sínú ọkọ̀, ọ̀bọ̀kún ni, ó gùn láti ìka mi dé ìgbúnwọ́.

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, o mọ okùn yàn. Ìwé tó o kà kò lọ lásán."

Mo lè dákẹ́. Mo fẹ́ dákẹ́, mi ò ní purọ́ fún yín. Ìyìn yẹn ni mo ti ń wá látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Èmi kọ́. Fadilah ló yàn án. Èyí tó mọ́ bí omi ni èmi ìbá rà." Ó mú àjẹ̀, ó sì wa ọkọ̀ títí a fi gúnlẹ̀, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé ọ̀rọ̀ èmi àti Fadilah ti parí.

Nígbà tá a dé ilé rẹ̀ ló tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo ti mọ̀ látìgbà tí ọwọ́ mi ti kan kókó yẹn. Èmi ni mo kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń fi iná kàn án." Mi ò mọ̀ bóyá ńṣe ló ń dán mi wò tàbí ó kàn fẹ́ yìn mí torí àárẹ̀ mi, mo ti rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́. Ṣùgbọ́n mo rí ohun tó ṣe. Ó gba okùn dúdú náà lọ́wọ́ mi, ó rọra ká a, ó sì fi kọ́ ara èèkàn tí okùn tirẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ibí ni wàá ti máa mú un. Sọ fún àwọn èèyàn ẹ kí wọ́n wá."

Nítorí náà, Àǹtí mi tó tọ́ mi dàgbà, ẹ̀yin ni mò ń sọ fún. Ẹ yan ọjọ́. Kí Ọlọ́hun fún yín ní ẹsẹ̀ tó le tí ẹ ó fi rìn dé ibẹ̀, kó má fi ìbànújẹ́ da ayọ̀ wa rú, kó sì jẹ́ kí ẹ gbé ọmọ tiwa jó. Àmín.

Èmi ni àbúrò yín tó ń gbóòórùn ẹja,
Akóredé.

Mo tún rántí: tọ́ọ̀ṣì tó bọ́ sódò, èyí tẹ́ ẹ fún mi nígbà ọdún Iléyá ni. Ẹ foríjì mí. Bí ẹ bá dé Ìbàfò tí Bàbá bá ní kí ẹ wá wo ọkọ̀ òun, èbúté ni kí ẹ ti kúnlẹ̀ kí i o.