O Onígun Mẹ́fà Lára Ọkọ̀ Maame Tekyiwa

Araba,

Kẹ́nkẹ́ rẹ wà lábẹ́ abọ́. Ẹja ibẹ̀, mo ti jẹ ìdajì. Mo ti padà sétí òkun. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyí, a kì í lọ pẹja, gbogbo ọkọ̀ ló wà lórí iyanrìn, tó bá sì di ìdájí ọ̀la, wọ́n á ti wọ omi.

Láàárọ̀ mo fi àwọn lẹ́tà onígun tí o yà kọ orúkọ tí Maame Tekyiwa sọ ọkọ̀ rẹ̀ sí i lára. O mọ̀ pé èmi náà ni mo ń sọ pé àdá ni o fi gé wọn. Nígbà tí mo dé orí lẹ́tà O, ọwọ́ mi ò gbà. Ogójì ọdún ló ti ń kọ ọ́ ní róbótó, ló bá tún kọ ọ́ ní róbótó. Maame wò ó títí, ó ní, "Bàbá Araba, ẹ ha èyí kúrò. Tọmọ yín ni mo ní kí ẹ kọ. Òun ni mo lè kà láti èbúté nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lókèèrè."

Mo ha á. Mo fi rúlà rẹ fa igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọlọ́kọ̀ mẹ́ta ti tò sẹ́yìn Maame báyìí, tìẹ náà ni gbogbo wọn fẹ́.

Tí o bá jẹun tán, mú páálí tí o ya lẹ́tà S sí wá, S tó ṣẹ́ bí ìgbọ̀nwọ́. Mi ò lè dá a yà. Má sọ fún ìyá rẹ pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Nídìí ọkọ̀, níbi tí mo máa ń kọ orúkọ mi sí, tìẹ ni mo kọ. Ọ̀dà ibẹ̀ ò tíì gbẹ, má fọwọ́ kàn án.