Ẹyẹ Olórùka Tó Kó Sáwọ̀n ní Ajah

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta tó ti di ọdún mẹ́rin. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níbi tí mo wà. Mo kí Àǹtí Ṣìfáwù, ẹ̀gbọ́n mi. Mo kí Bàbá Àgbà, bí wọ́n bá ṣì ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fi lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn nítorí mi ò mọ̀ bóyá ilé tí mo fi yín sí náà lẹ ṣì wà. Ẹnikẹ́ni ní Ṣakí tó bá rí i, kó jọ̀ọ́ bá mi kà á fún Ìyá Mùfútáù, onírú.

Màmá, irọ́ ni mo pa. Lẹ́tà kan ṣoṣo tí mo kọ sí yín, mo ní mo ti di dírẹ́bà, mo ń wa lọ́rì. Mi ò wa kẹ̀kẹ́ pàápàá. Alágbàṣe ni mí níbi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà. Nígbà tíṣẹ́ yẹn dúró, mo di ẹni tó ń ṣọ́ oko àgbọn létí òkun. Irọ́ yẹn ló sé mi lẹ́nu. Bí mo bá fẹ́ kọ lẹ́tà mìíràn, n óò kọ́kọ́ ro ohun tí lọ́rì ọ̀hún tún ń ṣe, á sì rẹ̀ mí.

Òjò ibí kì í ṣe òjò tiwa. Iyọ̀ òkun ń jẹ páànù, afẹ́fẹ́ ò sinmi. Àwọn onílẹ̀ ṣèèyàn, àmọ́ bí wọ́n bá ń fi èdè wọn ṣàwàdà, wọ́n á ti rẹ́rìn-ín tán kí n tó mọ ohun tí wọ́n sọ. Àárò yín ń sọ mí gan-an.

Ẹyẹ ni mo fi ń ṣe ojúgbà. Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dé lọ́wọ̀ọ̀wọ́, alápàńdẹ̀dẹ̀ àtàwọn ẹyẹ òkun. Wọ́n á sinmi díẹ̀, wọ́n á sì máa lọ sílẹ̀ wọn. Lọ́dún yìí, ọ̀kan tá ò rí irú rẹ̀ rí kó sínú àwọ̀n Bàbá onílé mi, apẹja: funfun ni, orí rẹ̀ dúdú, ẹnu rẹ̀ pupa. Òrùka irin wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ nǹkan sí i lára.

Bàbá ju àwọ̀n sílẹ̀. Wọ́n ní, "Àrokò rèé. Èèyàn kì í so nǹkan mọ́ ẹyẹ lẹ́sẹ̀ lásán." Ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀: ta ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí? Àwọn kan ní ká tètè jù ú sílẹ̀ kó tó di ọ̀ràn. Ìyàwó Bàbá ní ti ọmọ òun tó wà ní Kútọnu ni. Èmi náà, ẹ má rẹ́rìn-ín o, mo rò pé ẹ̀yin lẹ fi ránṣẹ́.

Tíṣà ilé ìwé ló wá kà á. Ó ní láti òkè òkun ni, pé kẹ́ni tó bá rí ẹyẹ náà kọ̀wé sọ ibi tó wà. Mo bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ó ní, "Wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ pé ó dé ibìkan ni."

Ojú tì mí, Màmá. Àwọn tí ò bí ẹyẹ ń wá a kiri. Èmi tẹ́ ẹ bí, mo fara pamọ́ nítorí lọ́rì tí ò sí. A tú ẹyẹ náà sílẹ̀, Tíṣà kọ̀wé tirẹ̀, mo sì tọrọ bébà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá mi, Ajah ni mo wà. Ara mi le. Mi ò tíì níyàwó.

Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀wé, mi ò sì béèrè ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ rí mi, ẹ fi tàdáwà tẹ àtàǹpàkò yín sí bébà, kí Àǹtí fi ránṣẹ́ sí Tíṣà, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Ajah. Ọjọ́ tí mo bá rí i ni n óò wọkọ̀. Bí kò bá dé, n óò gbà pé ẹ̀ ń bínú ni. Mi ò fẹ́ ro ohun kejì tó lè mú kó má dé.

Ọlọ́run á dá yín sí fún mi, á fi àlàáfíà bá mi ṣọ́ yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àtẹni tó ń bú mi níbẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín,
Mùfútáù