Ìwé Ọmọ Bíbí Ẹdẹ fún Naimat

Mansur Àlàbí, ọmọ mi,

Asaláàmù aléékun. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣé ara ìyàwó rẹ le, ṣé òtútù ibẹ̀ ò fìyà jẹ yín jù? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n fojú sunkún yín. Àwa náà wà dáadáa, iṣu wa ta lọ́dún yìí, ẹsẹ̀ tó ń dùn mí náà ti fúyẹ́.

Azeemah àbúrò rẹ ti ka fọ́ọ̀mù iléèwé Naimat tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù fún mi. Ó ní àpótí mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí ẹ máa fàmì sí ọ̀kan: funfun, dúdú, tàbí àdàlù. Inú bí mi gan-an. Ọmọ ọmọ mi kì í ṣe ẹ̀wà àti àgbàdo! Ìgbà tí ẹ wálé Iléyá, àwọn ọmọ àdúgbò ń sáré tẹ̀lé e, wọ́n ń pè é ní òyìnbó torí pé ó fàwọ̀ jọ ìyá rẹ̀, ó sunkún wọlé, ìwọ lo sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi pé ní iléèwé òun, dúdú ni wọ́n ń pe òun, kí n sọ ohun tí òun jẹ́ gan-an fún òun. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí títí dòní.

Mo ti wá ronú sí i. Bàbá bàbá rẹ, ọmọ Ẹdẹ lásán ló kúrò nílé. Ìgbà tó gbé obì dé Kánò ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé Yorùbá ni. Ó dé Gánà, wọ́n ní àlejò ni, wọ́n lé e. Ìwọ alára, o pupa fòò bíi bàbá rẹ, àfi bí o ṣe dé ọ̀hún tí wọ́n ní o di dúdú. Àwọn tó ń kọ fọ́ọ̀mù yìí kàn ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ bó ṣe wù wọ́n ni.

Mo bá wọ kẹ̀kẹ́, ó di ìjọba ìbílẹ̀, mo ní kí wọ́n fún Naimat ní ìwé ọmọ bíbí ìlú. Wọ́n ní kí n mú fọ́tò rẹ̀ wá. Mo gbé fóònù mi tí fọ́tò rẹ̀ wà fún onífọ́tò pé kó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó ní ṣé kí òun fi kọ̀ǹpútà mú kó dúdú díẹ̀, kí wọ́n lè gbà pé ọmọ Ẹdẹ ni. Mo gba fóònù mi lọ́wọ́ rẹ̀, mo gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ. Akọ̀wé béèrè orúkọ bàbá, agboolé àti àdúgbò. Mo dúró títí, kò béèrè àwọ̀. Mo bi í, ó ní kò sí àyè fún un nínú ìwé náà. Àdúà tí mo ṣe fún ọkùnrin yẹn, ó pọ̀.

Ó ku kí mọ́gàjí agboolé wa fọwọ́ sí i. Tó bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ bo gbogbo àpótí wọn mọ́lẹ̀. Bí ọ̀gá iléèwé bá ń bínú, fún un ní nọ́ńbà mi, Azeemah á túmọ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò náà, mo ti kìlọ̀ fún wọn pé Naimat lorúkọ rẹ̀.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n lè fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ọ lókè òkun. Bí kò bá sí lọ́wọ́, má da ara rẹ láàmú, màá ta ewúrẹ́ kan.

Kí Allah jẹ́ kí gbogbo ibi tí Naimat bá dé gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Ibi tí wọn ò bá ti gbà á, kó sọ fún wọn pé òun ní ilé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àwáwù.