Ààlà Tí Wọ́n Hú Nínú Kọ̀ǹpútà Bàbá Rẹ

Ìlọrà,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ẹ̀bùnolúwa ọmọ mi,

Wọ́n ti hú ààlà tó wà nínú kọ̀ǹpútà bàbá rẹ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, a kò sì tíì mọ ibi tí ohùn bàbá rẹ wà.

Mo mọ̀ pé ìkíni ló yẹ kó ṣáájú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí wúwo lẹ́nu mi, mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kalẹ̀. Ní báyìí, mo kí ọ. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédé, ṣé àpótí tó máa ń gbé yín lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn kò tún há pẹ̀lú yín nínú mọ́? Ọlọ́run tó mú ọ la ọdún tó kọjá já yóò mú ọ la èyí náà já, o kò ní ṣe àṣedànù, ohun tí o bá fi pamọ́ kò ní di àwátì. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Ọsàn ẹ̀yìnkùlé so dáadáa, àwọn ọmọ iléèwé ni kò jẹ́ kó pọ́n. Wọ́n ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó wá dà bí ilé ìwòsàn, mo sì sọ ọ́ ní ìpàdé pé n kò fara mọ́ ọn. Ewúrẹ́ Ìyá Tahirah bí mẹ́ta.

Ìwọ náà lo pè mí lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn tí o ní, níwọ̀n ìgbà tí kọ̀ǹpútà náà ti ń kú lójijì bí ẹni tó ní wárápá, kí n gbé e lọ bá Zàíd ọmọ Àbọ̀dé ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Fìdítì, kó fi ètò tuntun tí yóò máa darí rẹ̀ sí i nínú. Mo bi ọ́ nígbà náà pé ètò tuntun náà, níbo ni yóò máa gbé? O rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè gidi ni mo bi ọ́ lọ́jọ́ náà.

Mo fi aṣọ ìbora wé e, mo gbé e sáyà lórí ọ̀kadà, mo sì sọ fún ọlọ́kadà pé kó rọra wọ kòtò nítorí ọkọ mi ni mo gbé dání. Ó wẹ̀yìn wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Irọ́ kọ́ ni mo pa fún un. Ìwọ gan-an lo gba ohùn bàbá rẹ sínú rẹ̀ nígbà Kérésìmesì tí wọ́n lò kẹ́yìn, tí wọ́n sọ ìtàn ilé, tí wọ́n dárúkọ ẹ̀yin ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan tí wọ́n sì ṣàdúrà fún yín, tí wọ́n wá pe èmi náà ní Àlàkẹ́, tí wọ́n ní kí n má sunkún pẹ́. Láti ìgbà tí a ti sin wọ́n, kò sí Ọjọ́ Àìkú kan tí n kò gbọ́ ọ lẹ́yìn ìsìn. N kò mọ ibòmíràn tí ohùn náà wà. Fọ́tò wọn wà lára ògiri, ṣùgbọ́n fọ́tò kì í pe ènìyàn ní oríkì.

Zàíd kí mi dáadáa, ó fún mi lómi. Ó ṣàlàyé pé yàrá ńlá kan ṣoṣo ló wà nínú kọ̀ǹpútà náà, pé ó fẹ̀ tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta gíìgì, ohun gbogbo ló sì dà pọ̀ síbẹ̀. Ó ní òun yóò pín in sí méjì, ohun tí wọ́n ń pè ní pátíṣọ̀n nìyẹn, kí ètò tuntun wà ní apá kan, kí ẹrù wa wà ní apá kejì, tó fi jẹ́ pé bí ètò bá bàjẹ́ lọ́jọ́ iwájú kò ní ba tiwa jẹ́. Ó wá bi mí pé mélòó ni kí òun fún ètò, mélòó ni kí òun fún ẹrù.

Ẹ̀bùn, ó yà mí lẹ́nu débi pé mo wá àga jókòó. Ọmọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó, ó ní kí opó dá nìkan pín nǹkan òkú nínú ṣọ́ọ̀bù, lójú ẹni tó wá ra káàdì fóònù. Mo ní ìyàwó ilé ni mí, ìyàwó kì í pín ogún. Ó ní Màmá, ogún kọ́ nìyí. Mo ní ta ló fi í sílẹ̀? Ó ní Bàbá ni. Mo ní ṣé Bàbá wà láàyè? Mo bọ́ síta, mo pe bàbá kékeré rẹ, Nehemiah, nítorí àwọn ni olórí ẹbí lẹ́yìn bàbá rẹ.

Láti oko Iware ni wọ́n ti wá, bàtà oko ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n jókòó sórí àga Zàíd gan-an. Wọ́n ní ó káre tó béèrè, nítorí oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kó má ní ààlà. Wọ́n wá dá ẹjọ́ pé àlejò òní ni ètò, onílé sì ni ẹ̀gbọ́n àwọn, kí ètò mú ọgbọ̀n gíìgì, kí onílé mú ìyókù. Zàíd bẹ̀bẹ̀ pé ètò náà kò lè nasẹ̀ nínú ọgbọ̀n, pé ó kéré tán mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló ń béèrè, àádọ́jọ ló tilẹ̀ dára jù. Bàbá kékeré rẹ bi í bóyá ó ti rí àlejò tó ń ti ọ̀nà jíjìn ránṣẹ́ bí yàrá ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó. Ẹnu ya èmi náà. Nígbà tiwa, ẹní la ń tẹ́ fún àlejò, yóò sì dúpẹ́.

Zàíd mí kanlẹ̀. Ó ní òun yóò ṣe é bí a ṣe wí, kí a fi ojú ara wa rí i. Ó kó gbogbo ẹrù wa sí apá ńlá, ó pa ààlà, ó ní kí ètò wọlé sí apá kékeré. Ẹ̀rọ kọ ọ́ jáde pé àyè kò tó. Àsìkò ìrun Alásárì sì ti tó, ó ní òun ń lọ kírun, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan, pé bí òun bá dé òun yóò sún ààlà náà díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sísún yẹn ni kò bá bàbá kékeré rẹ lára mu. Wọ́n ní a kì í sún ààlà, ẹni tó bá sún ààlà ń wá ìjà fún ọmọ ọmọ rẹ̀. Bí ìwọ̀n kò bá dọ́gba, ṣe là ń hú pèrègún tí a fi pa ààlà lójú ẹlẹ́rìí, tí a ó sì tún ilẹ̀ wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá mo jẹ́ ẹlẹ́rìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wọ awò ojú, wọ́n wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé pa á rẹ́, wọ́n tẹ ẹ́ fún apá kìíní, wọ́n tẹ ẹ́ fún apá kejì. Ẹ̀rọ bi wọ́n ní èdè Òyìnbó, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi, pé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni yóò lọ, ṣé wọ́n gbà? Wọ́n ní bí àwọn lọ́yà ṣe ń kọ̀wé nìyẹn, pé ilẹ̀ kì í sọnù nítorí wọ́n hú pèrègún. Wọ́n gbà. Èmi náà ní kí wọ́n gbà, n kò ní purọ́ fún ọ.

Omi àlùwàlá kò tíì gbẹ lápá Zàíd nígbà tó wọlé. Ó wo ẹ̀rọ, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí. Ó ní, “Màmá, ta ló fọwọ́ kàn án?” Bàbá kékeré rẹ ní àwọn ni, pé àwọn ti tún ilẹ̀ ṣe, kó mú ìwọ̀n wá. Zàíd jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní yàrá Bàbá kò sí mọ́. Bàbá kékeré rẹ tí o mọ̀, tí wọn kò bẹ ọmọdé rí, ṣí fìlà, wọ́n ní kó má bínú. Èmi kò sunkún. Mo bi Zàíd pé ilẹ̀ náà ńkọ́? Ó ní ilẹ̀ ṣì wà, ẹrù sì ṣì wà lórí rẹ̀ bó ṣe wà, àmọ́ kò sí ààlà, kò sí orúkọ, ẹ̀rọ rò pé pápá òfìfo ni. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ti kọ́lé lé e, òun lè máa ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá kékeré rẹ ní ṣebí àwọn wí bẹ́ẹ̀. Mo wo ojú wọn.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ ti ń ṣà, mo sì ń lọ jókòó tì í. Zàíd ní ẹ̀rọ kò mọ èyí tí o fi pamọ́ nígbà tí o ń lo kọ̀ǹpútà náà yàtọ̀ sí èyí tí o ti dà nù. Fọ́tò mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló jáde, ìwọ àti ọkùnrin gíga kan létí òkun, ọwọ́ rẹ̀ wà léjìká rẹ. Bàbá kékeré rẹ ń béèrè ilé tó ti wá. Ìwé kan tún jáde tí o kọ sí ọ̀gá rẹ lọ́dún tí bàbá rẹ dùbúlẹ̀ àìsàn, pé o fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí o lè wá tọ́jú wọn, tí ó dà bí ẹni pé o kò fi ránṣẹ́. Mo kà á tán. Jìnnìjìnnì bò mí ju ti Ọjọ́bọ̀ lọ. A ó sọ ọ́ bí o bá wálé. Ohun tí o dà nù ló ń padà wá, ohun tí à ń wá kò yọjú.

Jọ̀ọ́, fi háàdì-dísìkì tó ṣófo, tó sì tóbi, rán Blessing tó ń mú lẹ́tà yìí bọ̀. Ti Zàíd fúnra rẹ̀ ló ń kó ohun tó ń ṣà sí, ó sì nílò rẹ̀ fún iṣẹ́ ẹlòmíràn ní Ọjọ́rú. Fi owó ọ̀kadà mi kún un, àti nǹkan fún Zàíd tí kò tíì dá iye lé wa, àti búrẹ́dì Èkó fún bàbá kékeré rẹ, nítorí wọn kò jẹun gidi láti Ọjọ́bọ̀. Bí o bá ní ohùn náà níbòmíràn, pè mí. N kò fi fóònù ròyìn rẹ̀ nítorí bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ n kò ní lè sọ ọ́ tán.

Olúwa yóò ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ. Ilé tí o bá wọ̀ yóò gbà ọ́, ẹni tí yóò fẹ́ ọ kò ní fi ọ́ pamọ́ fún ẹbí. Àmín.

Ìyá rẹ,
Hannah Àlàkẹ́.

Mo ti fẹ́ lẹ ẹ́ pa nígbà tí Zàíd pè. Ó ní ohùn kan ti jáde, kò lórúkọ. Ikọ́ àgbàlagbà ọkùnrin kan ló gbọ́, ó sì gé. Kò mọ̀ bóyá ti bàbá rẹ ni, tàbí ti Pásítọ̀ àtijọ́ tí o gba ìwàásù wọn sílẹ̀, àwọn náà máa ń wúkọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní èmi nìkan ni mo lè mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ ti ṣú, kò sí ọ̀kadà mọ́. Àárọ̀ ọ̀la ni n ó lọ gbọ́ ọ.