Àgbélébùú Kíláàsì Kẹta

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù Kẹta, 2023

Ọjọ́ àkọ́kọ́ mi nílé ìwé ìjọba abúlé yìí. Òkè yí wa ká, yìnyín ṣì wà lórí wọn. Kíláàsì kẹta ni wọ́n gbé fún mi. Loredana ló ń kọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Jẹjẹrẹ pa á lóṣù tó kọjá. Ọmọ rẹ̀, Tobia, wà nínú kíláàsì náà — ọmọ ọdún mẹ́jọ, ìjókòó iwájú. Kì í wo pátákó. Ohun tó wà lókè pátákó ló ń wò: àgbélébùú onígi, ẹ̀ka ólífì gbígbẹ kan há sí i lẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ ló fi í há ibẹ̀ ní Sọ́ńdè Ọ̀pẹ èṣí; ólífì ni wọ́n ń lò níbí dípò imọ̀ ọ̀pẹ.

Ines tó ń gbálẹ̀ ilé ìwé ló ṣàlàyé fún mi. (Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni mo sọ ọ́, kọ́kọ́rọ́ ló so mọ́ ìdí bí ìlẹ̀kẹ̀.) Lọ́dọọdún, wọn a mú ẹ̀ka tuntun tí àlùfáà ti súre sí wá, wọn a sì fi iná sun ti tẹ́lẹ̀. A kì í jù ú sáàtàn. "Tíṣà, ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ó di Sọ́ńdè Ọ̀pẹ."

Mo dàgbà lábẹ́ irú igi yìí nílé ìwé. Mi ò tilẹ̀ rí i mọ́, bí èèyàn kì í ti í rí imú ara rẹ̀.

Mo ń kọ èyí ní Yorùbá. Màmá àgbà ní Ìgbájọ ló ní kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀, pé èdè tí a kò bá lò, sísá ló ń sá. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mo dé Ítálì. Ó ti sá díẹ̀. Mo ń lé e.

Ọjọ́bọ̀, 9

Renzo, bàbá Tobia, wá bá mi lẹ́yìn tí àwọn ọmọ lọ tán. Òun ló ń ṣe wàràkàṣì abúlé; òórùn wàrà wà lára aṣọ rẹ̀. Kò jókòó. Ó ní kí n bá òun yọ àgbélébùú yẹn kúrò lára ògiri, tòun ti ẹ̀ka, kó tó di Sọ́ńdè Ọ̀pẹ. Pé Tobia ti ń ka ọjọ́, pé ọmọ náà gbà pé tí wọ́n bá sun ẹ̀ka yẹn, màmá òun ti parí nìyẹn. Pé òun fúnra òun ti kúnlẹ̀ síwájú irú igi bẹ́ẹ̀ nílé ìwòsàn títí orúnkún fi bó.

"Mi ò bá Ọlọ́run jà, Tíṣà. A ò kàn kí ara wa mọ́ ni."

Ó ní kí n má dárúkọ òun. Ìyá ìyàwó rẹ̀ kì í fi ṣọ́ọ̀ṣì ṣeré, ọ̀fọ̀ kan ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo ṣèlérí. Ó rọrùn lẹ́nu.

Ẹtì, 10

Mo lọ bá ọ̀gá ilé ìwé. Ẹ-Jẹ́-Ká-Wò-Ó ni mo ń pè é, nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. Mo ní òbí kan bẹ̀bẹ̀ pé ká yọ àgbélébùú. Òbí wo? Mo ní mi ò lè sọ. Ó mirí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ó yé mi." Ojú tó fi wò mí — mo mọ̀ pé kò yé e.

Ó ní àwọn òbí ló yẹ kó jókòó sọ ọ́ láàárín ara wọn. Ìpàdé, ìparí oṣù. "Ẹ jẹ́ ká wò ó."

Ọmọ Mùsùlùmí kan ṣoṣo ló wà ní kíláàsì mi. Hanane. Mi ò ronú kàn án lónìí, àfi ìgbà tí mo délé.

Ọjọ́ Ajé, 13

Gbogbo abúlé ti gbọ́. Gbogbo abúlé sì ti mọ ẹni tó bẹ̀bẹ̀ — lójú tiwọn, bàbá Hanane ni. Níbi tí mo ti ń mu kọfí, Mirella, ìyàwó alápatà, gbé ohùn sókè: "A fún wọn nílé, a fún wọn níṣẹ́. Ó kù kí wọ́n ní kí Jésù náà wá palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́!" Ẹ̀rín.

Ọkùnrin kan yíjú sí mi. "Tíṣà, ẹ má bínú o, kì í ṣe ẹ̀yin là ń bá wí. Ẹ̀yin ti di tiwa."

Wọ́n ní kí n má sanwó kọfí. Mo mu ún tán.

Ọjọ́rú, 15

Hanane ń sunkún nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọmọ Mirella ló sọ fún un pé bàbá rẹ̀ fẹ́ jí Jésù gbé.

"Tíṣà, kí ni bàbá mi fẹ́ fi í ṣe?"

Ẹtì, 17

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni lónìí náà.

Ọjọ́ Ajé, 20

Naima, ìyá Hanane, wá sí kíláàsì. Ó dúró sábẹ́ àgbélébùú náà gan-an, kò wò ó. Ó ní kí n bá àwọn sọ fún wọn pé kì í ṣe àwọn ló bẹ̀bẹ̀. Ọkọ òun, Driss, ló la pákó tí wọ́n fi tún òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wọn kàn. Àwọn mọ ohun tó wà lára ògiri kí àwọn tó forúkọ ọmọ sílẹ̀. Ta ló bi àwọn? "Ìyá Tobia, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, òun ló kọ́ ọmọ mi níwèé kíkà. Kí ni màá fi nǹkan rẹ̀ tó gbé kọ́ ṣe?"

Orúkọ Renzo dé ètè mi. Mo gbé e mì. Mo ní: "Á dáa." Ọ̀rọ̀ tí mo kórìíra jù tí wọ́n bá sọ ọ́ fún èmi.

Mo gba ibẹ̀ lọ bá Renzo. Ó ń ru wàrà nínú ìkòkò bàbà ńlá, kò gbójú sókè. Mo ní wọ́n ń fi ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jẹ ẹlòmíì níyà. Ó ní: "Tí mo bá lanu, wọ́n á lé mi kúrò nílùú yìí." Ó ń ru ú lọ. Bí ẹni pé tó bá dúró, nǹkan á bàjẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 23

Wọ́n fi ọ̀dà pupa ya àgbélébùú sí ilẹ̀kùn Driss. Ó ti ń fọ̀ ọ́ nígbà tí mo ń lọ síṣẹ́. Ó kí mi. Mo kí i padà. Ọ̀dà náà kò lọ tán.

Ìṣẹ́gun, 28

Ìpàdé. Yàrá ìjẹun, ó kún, àwọn tí kò lọ́mọ nílé ìwé náà wá. Ẹ-Jẹ́-Ká-Wò-Ó ń ka òfin, kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Driss dìde. Èdè abúlé ló sọ, kò sì sí ẹni tó lè ní òun kò gbọ́ ọ. Ó ní òun kò bẹ̀bẹ̀ nǹkan kan. Ó ní òun búra. Ohùn kan láti ẹ̀yìn: "Kí lo máa fi búra?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Driss ṣì wà ní ìdúró. Mo wo bàtà mi.

Nígbà náà ni Renzo dìde. "Èmi ni."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ilé ìwòsàn, orúnkún, ẹ̀ka, ọmọ. Mo di àga mú, mò ń retí òkò.

Òkò kankan kò wá. Mirella ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún. Ó gbá a mọ́ra: "Renzo, ọmọ ìyá mi, o ò ṣe sọ fún wa?" Àwọn ọkùnrin ń tò wá fọwọ́ bà á léjìká. Ìyá ìyàwó tí Renzo ń bẹ̀rù di orí rẹ̀ mú, ó sì fẹnu kò ó níwájú orí. Wọn kò dìbò. Ẹ-Jẹ́-Ká-Wò-Ó sọ gbólóhùn mìíràn fún ìgbà àkọ́kọ́: "Ọ̀la la máa yọ ọ́."

Ìgbà tí mo wo apá ibi tí Driss wà, àga ló kù. Kò sẹ́ni tó rí i nígbà tó jáde.

Ọjọ́rú, 29

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ gun àkàbà. Ó fẹnu ko igi náà, ó fi ìborùn ara rẹ̀ wé e, tòun ti ẹ̀ka, ó gbé e fún Tobia kó gbé e lọ sílé. Kò sẹ́ni tó jà.

Polenta (túwó àgbàdo wọn), kéèkì, sọ́séèjì, wọ́n ń gbé e lọ sílé Renzo látàárọ̀. Mo gba iwájú ilé Driss kọjá. Ilẹ̀kùn ṣì pupa díẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan náà. Nígbà tí wọ́n rò pé Driss ló bẹ̀ ẹ́, àfojúdi ni. Nígbà tó di ti Renzo, ó di ọ̀fọ̀. Mirella sọ fún mi lẹ́nu géètì pé ó yẹ kí ẹnìkan lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ṣá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní bóyá lẹ́yìn Àjíǹde.

Ẹtì, 31

Hanane kò wá.

Àbámẹ́ta, 1 oṣù Kẹrin

Ọkọ̀ akẹ́rù wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Wọ́n ń lọ bá àbúrò Driss nílùú ńlá ìsàlẹ̀. Naima ń fi ìwé ìròyìn wé abọ́. Hanane ti jókòó síwájú ọkọ̀, ó dojú kọ apá kejì. Mo ní kí n bá wọn gbẹ́rù. Èmi àti Driss gbé fóòmù kan, ó mú orí, mo mú ẹsẹ̀.

A dé ẹnu ọkọ̀, ó dúró. Kò bínú. Ó fohùn pẹ̀lẹ́ bi mí:

"Tíṣà, ìgbà wo lẹ ti mọ̀ pé Renzo ni?"

Mo ní láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ rárá.

Ó mirí. Ó na ọwọ́, ó gba ẹsẹ̀ fóòmù náà lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́, bí èèyàn ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọdé.

"Ẹ ṣeun. A ó gbé ìyókù fúnra wa."